Kílò Mẹ́rin

Inú páálí gígùn kan ló ti jáde, láti Jámánì,
ọ̀pá alumíníọ̀mù tó ń dán bí ìdí ìkòkò tuntun.
Wasíù ọmọ iṣẹ́ fi ìka méjì gbé e,
ó ní, "Ṣé nǹkan wà nínú èyí báyìí,
àbí wọ́n gbàgbé ṣáàfù sílé, wọ́n fi páálí ránṣẹ́?"

Ọ̀gá Ṣónibárẹ́ kò rẹ́rìn-ín.
Ó ti wà lábẹ́ Dátsùn bàbá mi láti aago mẹ́jọ,
bàtà rẹ̀ nìkan là ń rí,
àti ohùn rẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú kànga:
"Sípánà mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá mo wí. Ìyẹn mẹ́tàlá."
Bóòtù mẹ́rin ìdí rẹ̀ ti dípẹtà,
wọ́n han gooro kí wọ́n tó gbà.
Nígbà tí ṣáàfù àtijọ́ já bọ́ sórí táyà,
ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ Bẹ́ǹsì aláìlẹ́ńjìnnì dìde.

Irin yẹn ni bàbá mi rù lórí wálé
láti ìsàlẹ̀ òkè Orù, lọ́dún tí kúrọ́ọ̀sì kán.
Ó ní òun ò lè fi í sílẹ̀ sójú títì fún olè.
Ó fi ẹ̀wù iṣẹ́ ṣe òṣùká,
gírísì ń sàn wọ̀ ọ́ létí.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Mo rò pé bí gbogbo bàbá
ṣe ń gbé ọkọ̀ wọlé nìyẹn, lẹ́yọ lẹ́yọ.

A wọ̀n ọ́n. Ìjẹ̀bú ni wá,
ẹnìkan kì í sọ fún wa pé nǹkan fúyẹ́ ká kàn gbà.
Alájákù irin yá wa ní òṣùwọ̀n rẹ̀:
ti àtijọ́, kílò mẹ́jọ;
tuntun, kílò mẹ́rin, abẹ́rẹ́ ṣì ń gbọ̀n.
Ọkùnrin náà wo irin, ó wò mí,
ó dárúkọ owó. Mi ò dá a lóhùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé e jáde, ó gbọ̀n.
Ká tó dé Òjówò, jígí ń jó,
mo ti ń bú Jámánì nínú ikùn mi.
Ọ̀gá ní kí n yà. Ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀,
ó rí i pé Wasíù ti ki ẹnu rẹ̀ bọ ara wọn lódì.
"Irin wúwo a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀," ó wí,
"èyí ò ní bò ọ́."
Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí ọ̀pá, ó fa ìlà sẹ́nu rẹ̀,
ó ń yí i títí ìlà fi pàdé ìlà.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kí n tó rò ó, ọkọ̀ ti gbéra.
Òkè Orù tí bàbá mi máa ń fi jíà kejì bẹ̀,
"Ó yá, ìyàwó mi, ó yá,"
jíà kẹta ni mo fi gùn ún,
ẹsẹ̀ mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì.
Mo fẹ́ kígbe. Mo wo ẹ̀yìn.

Ìyá mi ti bọ́ bàtà,
ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀
bí ẹni ń wá òrùka nínú odò.
"Kí lẹ yọ níbẹ̀?"
Mo ní a ò yọ nǹkan kan, a pààrọ̀ rẹ̀ ni.
"Ó máa ń kùn," ó ní, "títí dé orúnkún mi.
Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Òde, ogójì ọdún.
Òun ló ń bá mi rẹ̀ ẹ́ sùn."

Ọkọ̀ ń sáré jẹ́jẹ́. Mi ò ní èsì.

Irin náà wà lẹ́yìnkùlé báyìí.
A rì í mọ́lẹ̀, a so okùn ìsáṣọ mọ́ ọn;
ó kúrú, ìró máa ń fẹ́ẹ́ gbálẹ̀.
Alájákù ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fowó kún un.
Bí atẹ́gùn bá wọ inú aṣọ tútù,
ó máa ń kùn díẹ̀.
Ìyá mi a gbé àga síbẹ̀.
A bọ́ bàtà.